Báàgì Ọmọ Nínú Bàálù: Ohun Tí Ọwọ́ Kan Lè Yọ

Bí ọmọ bá ti wà ní apá òsì, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù fún ìyá rẹ̀. Ọwọ́ kan yẹn ni yóò yọ ìwé ìrìnnà, òun ni yóò ṣí fídà, òun náà ni yóò wá páńpáàsì nínú òkùnkùn nígbà tí gbogbo èrò inú bàálù bá ti sùn. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ọmọ mi láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Ìbàdàn, tí mo sì ń gbé e padà, ohun tí mo di mú nìyí: ọwọ́ kan ni kí á fi dán báàgì wò kí á tó kúrò nílé. Màá gbé ọmọ sápá lóòótọ́, nínú pálọ̀, màá sì máa yọ nǹkan nínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan láìwo ibẹ̀. Ohun tí mi ò bá rí yọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń wá ibòmíràn fi í sí.

Wákàtí ni mo ń kọ́kọ́ kà kí n tó ka páńpáàsì. Bàálù láti Heathrow sí Ìkẹjà ń lò tó wákàtí 6 àti ààbọ̀ lófurufú, ọ̀pọ̀ ìyá sì ń fi ìyẹn ṣírò ohun tí ọmọ máa lò. Ọmọ kò mọ ìgbà tí bàálù gbéra. Láti ìgbà tí mo bá ti ti ilẹ̀kùn ní Peckham ni ìrìn àjò tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ ojú irin lọ sí Heathrow, wákàtí 3 ní pápákọ̀ kí wọ́n tó pè wá, òfurufú fúnra rẹ̀, ìlà àwọn aṣọ́bodè ní Ìkẹjà, ìdúró de ẹrù, lẹ́yìn náà ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí kò sẹ́ni tó lè sọ bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó máa ń sún mọ́ wákàtí 15. Páńpáàsì kan fún wákàtí méjì-méjì ni mo ń kó, mo sì ń fi mẹ́ta lé e nítorí ọyẹ́. Lásìkò ọdún Kérésìmesì títí wọ oṣù Kejì, eruku ọyẹ́ lè bolẹ̀ débi pé bàálù ò ní rí Èkó balẹ̀ sí, wọ́n á wá gbé yín lọ sí ìlú mìíràn kí ojú ọjọ́ tó là. Bí ẹ bá wà nínú bàálù tó kàn dúró lórí pápá báyìí, ẹ ò ní rí ibi tí ẹ ó ti ra páńpáàsì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Lẹ́yìn kíkà ni dídì. Mi ò kì í kó gbogbo páńpáàsì sójú kan, kí n kó aṣọ sójú kan, kí odindi páálí wáípù sì wà lọ́tọ̀. Ìdì-ìdì ni mo ń ṣe wọ́n. Màá mú ọ̀rá kan, màá fi páńpáàsì kan sí i, wáípù bíi mẹ́fà tí mo ti yọ sínú ọ̀rá kékeré tó ń lẹ̀ kí omi rẹ̀ má gbẹ, aṣọ fẹ́lẹ́ kan, àti ọ̀rá òfìfo tí èyí tó bá dọ̀tí máa wọ̀. Ìdì kan, pípààrọ̀ kan. Bí mo bá na ọwọ́ sínú báàgì, ohunkóhun tí mo bá fà jáde ti pé.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bàálù ló fà á. Pákó pẹlẹbẹ kan ni wọ́n so mọ́ ògiri lókè ibi ìjókòó. Ẹ ó fà á wálẹ̀, ẹ ó tẹ́ ọmọ lé e, ọwọ́ yín kan ò sì gbọdọ̀ kúrò láyà ọmọ náà títí ẹ ó fi ṣe tán, nítorí bàálù lè mì nígbàkígbà. Kò sí ibi tí ẹ ó gbé báàgì sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í sábà gbẹ, mi ò sì lè fojú rí ohun tí ọmọ mi máa fi sẹ́nu lórí ilẹ̀ yẹn. Ìdì kan péré ni mo ń mú lọ, mo ti fi ọwọ́ ọ̀rá náà kọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Kì í ṣe gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú bàálù ló ní pákó yìí, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bi àwọn òṣìṣẹ́ kí ẹ tó dìde lórí ìjókòó yín.

Ọ̀rọ̀ ibi ìjókòó tún wà níbẹ̀. Àwọn bàálù tó ń rìn jìnnà máa ń ní bẹ́ẹ̀dì kékeré tí wọ́n ń kọ́ mọ́ ògiri iwájú fún ọmọ ọwọ́. Ẹ tètè béèrè fún un nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí wọn kì í pọ̀, ọmọ tó bá sì ti wúwo ju ìwọ̀n tí wọ́n fi sí i kò ní lè lò ó. Ó dára púpọ̀, apá ìyá á rí ìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kò ní àga kankan níwájú tó lè ti báàgì sí abẹ́ rẹ̀. Bí bàálù bá fẹ́ gbéra àti bó bá fẹ́ balẹ̀, òkè lórí ni gbogbo báàgì máa wà, bẹ́líìtì sì ti so ìyá mọ́ àga, ọmọ wà lẹ́sẹ̀. Àkókò yẹn gan-an sì ni ọmọ ń nílò nǹkan jù. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbé àpò méjì: báàgì tó lọ sókè, àti àpò pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìwé àkàǹkà méjì tó sún mọ́ra lọ, tí mo ń gbé kọ́rùn. Ìdì kan, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, aṣọ ìnujú kan, sírínjì oògùn. Ó tán. Báàgì òkè ni mo ti ń tún un kún nígbà tí iná bẹ́líìtì bá ti kú.

Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ sínú bẹ́ẹ̀dì kékeré yẹn o. Bí iná bẹ́líìtì bá tàn, wọ́n máa ní kí ẹ gbé ọmọ jáde lójú ẹsẹ̀, oorun yòówù kí ó ti máa sùn.

Ní ti omi àti wàrà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn ìyá jù. Láti ọdún 2006, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ní Lọ́ńdọ̀nù tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi nǹkan olómi bu gbámù nínú bàálù, ni òfin mílílítà 100 ti dé sórí ohun olómi tí èèyàn ń gbé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ló rò pé òfin yẹn kan oúnjẹ ọmọ. Kò kàn án. Ní Bìrìtéènì, bí ọmọ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè gbé omi ọmú tí ẹ fún, mílíìkì ọmọ, omi tí ẹ ti sè fún un àti oúnjẹ ọmọ tó pọ̀ tó ohun tí yóò lò lójú ọ̀nà; àní ike kan lè tó mílílítà 2,000. Wọ́n lè ní kí ẹ ṣí i, wọ́n lè gbé e sínú ẹ̀rọ lọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Omi ọmú tó ti dì bíi yìnyín nìkan ni wọn kì í gbà níbẹ̀ nínú ẹrù ọwọ́, nítorí náà èyí tó wà nínú fíríìjì ni kí ẹ gbé, kì í ṣe ti fírísà.

Àwọn pápákọ̀ kan ti ní ẹ̀rọ tuntun tó jẹ́ kí wọ́n dẹ òfin mílílítà 100 náà fún àgbàlagbà. Mi ò kì í tìtorí ìyẹn di ẹrù mi. Lílọ wà, bíbọ̀ wà, pápákọ̀ tí òfin rẹ̀ le jù lójú ọ̀nà ni mo ń dì í fún.

Gbogbo ohun tó jẹ́ ti ẹnu ọmọ ni mo ń kó sínú àpò aláfojúrí kan, lókè pátápátá nínú báàgì. Bí mo bá ti dé iwájú òṣìṣẹ́ aláàbò, kó tó béèrè ni màá ti yọ ọ́ jáde: "Oúnjẹ ọmọ ni o." Ní Ìkẹjà mo máa ń kí wọn dáadáa tẹ̀lé e: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ kú ìdúró." Bí ojú ọmọ bá sì yọ sí wọn, wọ́n á ní "Ìyá oníkòkó, ẹ kọjá síbí."

Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ni ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ jù, gbogbo ohun tó nílò wà lára rẹ̀. Kó ṣáà mú ìborùn fẹ́lẹ́ àti omi mímu fún ara rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ gidigidi. Ẹni tó bá fún omi ọmú sínú ike, kó gbé e sínú àpò atutù pẹ̀lú yìnyín àtọwọ́dá tó ti dì dáadáa; yóò dúró níbẹ̀ fún wákàtí 24. Mílíìkì alágolo ló ní wàhálà díẹ̀. Omi tí yóò po ó gbọdọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lsíọ́ọ̀sì, nítorí ìyẹ̀fun mílíìkì fúnra rẹ̀ lè ní kòkòrò nínú, omi gbígbóná yẹn ló ń pa á. Ohun tí nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀ wá wò nílé kọ́ mi ni mo ń ṣe: fúláàsì omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, fídà òfìfo tí mo ti sè, àti ìyẹ̀fun tí mo ti wọ̀n sínú àwọn agolo kéékèèké, ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ mu ún ni mo ń pò ó, màá sì fi omi tútù ẹ̀rọ rọ̀ ọ́ lára fídà láti ìta. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí méjì, mo dà á nù, kò sí àánú níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ bàálù kì í wọ ẹnu ọmọ mi.

Bí owó bá wà, èyí tí wọ́n ti pò sínú ike láti ilé iṣẹ́ ló rọrùn jù. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá dúró gbagidi lẹ́bàá Mówe, ṣíṣí ni ẹ ó kàn ṣí i.

Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan tó wà nínú àpò ọrùn mi, ti bíbalẹ̀ ni. Bí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ ń ti etí láti ìta, ọ̀nà tóóró tó so etí pọ̀ mọ́ ọ̀fun sì gbọdọ̀ ṣí kí ara lè bá a dọ́gba. Àgbàlagbà á yán, á gbé itọ́ mì. Ọmọ ọwọ́ kò mọ èyí ṣe, ìrora nìkan ló mọ̀. Mímu ni ó ń ṣí i fún un, yálà ọmú, fídà tàbí rọ́bà ìdẹnu. Ìgbà gbígbéra kì í le tó ìgbà bíbalẹ̀. Bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí bàálù tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ló ti ń sọ̀, nítorí náà bí awakọ̀ bá ti sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ ìlú tí à ń lọ, fídà ti wà lọ́wọ́ mi. Mi ò kì í jẹ́ kí ọmọ yó bámúbámú ṣáájú àkókò yẹn. Ọmọ tó ti yó kò ní gba nǹkan sẹ́nu mọ́.

Ìpadàbọ̀ láti Ìbàdàn ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ìfẹ́ àwọn ìyá wa. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ìyá ọkọ mi máa ń wá wo bí mo ṣe ń di ẹrù, ike àgbo kan á wà lọ́wọ́ wọn, igbá òrí kan á tẹ̀lé e.

"Ìyàwó mi, fi èyí sínú báàgì tó máa wà lọ́wọ́ rẹ o. Bí ara ọmọ bá gbóná lókè ńkọ́?"

"Ẹ ṣé mà, ẹ kú ìtọ́jú wa. Òrí náà máa bá wa lọ, mà. Màá bù ú sínú kóló kékeré, èyí tó kù á wọ inú àpótí ńlá."

Òrí, àdín, ìpara, gbogbo wọn ni wọ́n kà mọ́ ohun olómi. Èyí tí kò ju mílílítà 100 lọ ló lè wà lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn òrí púpọ̀ fún bàálù, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn ń la ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Àgbo kì í ṣe oúnjẹ ọmọ lójú òfin, ike ńlá rẹ̀ ò sì ní kọjá. Mo sọ èyí fún wọn pẹ̀lú sùúrù, wọ́n sì gbà. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n ń rò ó. Ohun tó wà lọ́kàn wọn náà ló wà lọ́kàn mi.

Oògùn tí mo ń gbé kò ju paracetamol ọmọdé lọ, èyí tí wọ́n pín sínú ọ̀rá kéékèèké mílílítà 5, kò ní dà sí báàgì, kò ní gba ààyè. Ìwọ̀n tó yẹ ọjọ́ orí ọmọ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ apòògùn ṣáájú. Àwọn kan máa ń gba ìyá nímọ̀ràn pé kó fún ọmọ ní oògùn tó ń múni sùn kí bàálù lè pa rọ́rọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Promethazine tí wọ́n sábà ń dárúkọ, ìkìlọ̀ wà lórí rẹ̀ pé kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, torí ó lè mú kí mímí rẹ̀ lọlẹ̀ títí yóò fi dá. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà lọ́dún 2008 kò ní gbàgbé oògùn ehín ọmọ tó ní májèlé diethylene glycol nínú, tó gba ẹ̀mí ọmọ tó lé ní 80 kí àjọ NAFDAC tó palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kúrò lọ́jà. Láti ìgbà náà ni mi ò ti lè gbọ́ kí ẹnìkan ní "fún un díẹ̀ kó sùn" kí ara mi má bù máṣọ. Ọmọ tó bá ń sunkún nínú bàálù, ẹ jẹ́ kó sun ún. Àwọn èrò yòókù á fara dà á, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bímọ rí.

Ọ̀já ni ohun tó ń dá ọwọ́ kejì padà fún mi. Ní pápákọ̀, ẹ̀yìn mi ni ọmọ ń wà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa ru báàgì dípò rẹ̀. Níbi àyẹ̀wò, wọ́n á ní kí ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tú u. Nínú bàálù, tí iná bẹ́líìtì bá ti tàn, ẹ ò lè fi ọ̀já so ọmọ. Àwọn òṣìṣẹ́ á fún yín ní bẹ́líìtì kékeré tó máa wọ inú tiyín. Ṣùgbọ́n ní àárín òru, tí ọmọ bá kọ̀ tí kò sùn, ẹ pọ̀n ọ́n kí ẹ sì rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀yìn. Mo ti rí i tí òṣìṣẹ́ bàálù kan, òyìnbó, dúró tó ń wò wá pẹ̀lú ẹ̀rín, tó ní òun ò mọ̀ pé ọmọ lè sùn kíá bẹ́ẹ̀. Ọ̀já kan náà ni mo fi ń bo fèrèsé ọkọ̀ nígbà tí oòrùn bá ń wọlé sójú ọmọ, òun ni mo ń ká sábẹ́ ìgúnpá tí mo fi ń gbé e.

Aṣọ ọmọ, ẹ ti gbọ́: ọ̀kan wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ń gbàgbé ni ti ìyá. Ọmọ tó bá bì, ara ìyá ni yóò bì sí, wákàtí márùn-ún sì lè kù kí ẹ tó dé. Búláòsì fẹ́lẹ́ kan tí mo ká roboto ń bẹ nísàlẹ̀ báàgì mi nígbà gbogbo. Bí ẹ bá ń ti Èkó bọ̀ sí òtútù Lọ́ńdọ̀nù, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà ọmọ ni kó wà lókè, ẹ wọ̀ wọ́n fún un kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Ohun ìṣeré, mi ò gbé. Ṣíbí kan àti ìdérí ike ti tó.

Ìwé ò gbọdọ̀ wà nínú báàgì ọmọ rárá, torí mílíìkì máa ń dà. Àpò ọrùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní ojú kejì tó ní síìpù: ìwé ìrìnnà èmi àti ọmọ, ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ̀, àti lẹ́tà bàbá rẹ̀ pé òun mọ̀ sí ìrìn àjò náà, nítorí aṣọ́bodè lè béèrè bí ìyá bá dá nìkan gbé ọmọ jáde. Ọmọ tó bá ti pé oṣù 9 yẹ kó ní yẹ́lò káàdì tirẹ̀, torí oṣù yẹn ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní Nàìjíríà. Báńkì iná tí ẹ fi ń gba fóònù lágbára náà, ọwọ́ ni kó wà. Wọn kì í jẹ́ kó wọ ẹrù ìsàlẹ̀ bàálù.

Bí a bá ti gba ẹrù ní Ìkẹjà, mi ò kì í wọ mọ́tò lójú ẹsẹ̀. Màá wá àga kan, màá tú ìdì kan, màá pààrọ̀ ọmọ, màá fún un lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni màá kó ìdì mẹ́ta àti fúláàsì wá sínú àpò kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀, kí wọ́n tó di àpótí yòókù sínú búùtù, torí ní ọ̀nà Ìbàdàn, kò sí bí a ṣe máa dá ọkọ̀ dúró lálẹ́ láti lọ ṣí búùtù nítorí páńpáàsì.